Ṣọ́ọ̀kì Tí A Rà fún Ìyá Kiyo

Vancouver, Kánádà
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 1996

Bàbá mi àti Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ó yẹ kí òdòdó ápù ti máa múra àtilà lọ́dọ̀ yín báyìí. Níbí, òjò ni, òjò náà ni. Ara mi le, ilé oúnjẹ tí mo ti ń dáná ò sì tíì lé mi. Ìyá mi, ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ yé gbé àpótí ápù mọ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa gbé e, ṣebí àwọn ni wọ́n ní àwọn ò tíì darúgbó.

Nítorí ọkọ̀ mi ni mo ṣe kọ̀wé. Bàbá ní ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ń jo òróró. Inú mi dùn pé ẹ ń gbé e jáde, torí ọkọ̀ tí kò bá rìn á dípẹtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún Karasawa, ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lẹ́bàá afárá. Ẹ má jẹ́ kó fi ṣọ́ọ̀kì lásán sí i. Èyí tó ṣeé yí ni mo fẹ́. Kókó kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yí, ó lè le, ó lè dẹ̀. Èèyàn tún lè gbé ọkọ̀ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí mò ń gùn lójoojúmọ́ ni, òun náà ni mo sì fẹ́ fi sáré lórí òkè, kò sí oríṣi mìíràn tó bá a mu. Ìjọba ti dẹ òfin rẹ̀, wọn ò ní dá a padà níbi àyẹ̀wò. Kí Karasawa fi sìpírìngì tó le sí i, kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Lọ́dún tuntun tí mo bá wálé, ọjọ́ tí mo bá dé gan-an ni mo fẹ́ gbé e gun òkè.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ máa ní wèrè ni mí. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é.

Ọmọ yín,
Kiyotaka


Ina, ẹkùn Nagano
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Kiyo,

Wèrè ni ọ́ lóòótọ́. Ìyá rẹ ló ka lẹ́tà rẹ sókè nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi pá a lórí. Ó ní, "Ọmọ yìí béèrè ẹ̀yìn mi ní ẹnu kan, ó béèrè ọkọ̀ ní ẹnu mẹ́wàá."

Èyí tí mò ń kọ yìí, òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Inú ahéré tí a ti ń ṣa ápù ni mo jókòó sí. Pálọ̀ ni tẹlifóònù wà, pálọ̀ náà ló ń sùn sí báyìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè ọ́. Wá ibi jókòó sí kó o tó kà á.

Kì í ṣe ẹ̀yìn lásán ló ń dun ìyá rẹ. Dókítà pe èmi nìkan wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní jẹjẹrẹ ni, ó sì ti wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bi mí bóyá kí wọ́n sọ fún un. Mo ní rárá. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún bàbá tèmi nìyẹn, bí gbogbo ilé tó wà lágbègbè yìí ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: aláìsàn kì í gbọ́, ará ilé ló ń gbé e mì. A ní fún un pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbó, pé iná tí wọ́n ń tàn sí i nílé ìwòsàn á mú un le padà. Ó gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń gbé e lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹrù wa ò ṣeé rọ̀gbọ̀kú sí, ṣe ni àga rẹ̀ dúró gbọin. Tìrẹ ni mò ń fi gbé e, torí àga rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ko gálọ́ọ̀pù, á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, á dijú, kò ní sọ̀rọ̀. Tó bá yá, á ní, "Bàbá Kiyo, ẹ rọra o, ẹyin wà nínú ọkọ̀." Àwàdà ló fi ń ṣe. Mi ò lè fara dà á.

Sọ ṣọ́ọ̀kì tí mo máa rà fún mi. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sáré, mo fẹ́ kí ìyá rẹ lọ kó sì bọ̀ láìjẹ ìrora ni.

Má wálé. Gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ tí kò wálé láti ọdún mẹ́rin, tó bá ṣàdédé yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú oṣù kẹfà, kí lo rò pé ìyá rẹ máa rò? Bó bá ti fojú kàn ọ́ báyìí, ó ti mọ̀ pé òun ò ní yè é nìyẹn. Ọdún tuntun lo dá, ọdún tuntun ni kó o wá.

Ṣọ́ọ̀bù Karasawa ni kó o máa fi lẹ́tà èmi nìkan ránṣẹ́ sí. Máa fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ̀wé sílé, kí ìyá rẹ lè máa rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí.

Bàbá rẹ,
Tokuji


Vancouver
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrójú. Ẹ kú ẹrù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn sí irú èyí. Ìdí iná ni mo ti ka lẹ́tà yín, ọ̀gá mi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó níta. Mo sunkún, Bàbá, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Mo fẹ́ wálé. Ẹ̀yin ní kí n má wá. Ìyá tèmi ni, kì í ṣe ti aládùúgbò, ẹ sì ní kí n jókòó síbí kí n máa gé ẹja fún oníbàárà. Bàbá, ṣé ó dáa báyẹn?

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ẹ ra èyí tí mo sọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ náà. Ẹ má tíì bínú. Torí pé ó ṣeé yí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ rà á. Ẹ ní kí Karasawa yí kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbi tó dẹ̀ jù, á sì rọ̀ bí ìrọ̀rí. Tí mo bá wálé lọ́dún tuntun, màá yí i padà síbi tó le fún ara mi. Ìyá ò sì ní fura, wọ́n ti ka lẹ́tà mi, wọ́n á ní wèrè mi lẹ ń bá mi ṣe.

Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ bá mi di ọwọ́ wọn mú, kẹ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dì í mú.

Kiyotaka


Ina
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Kiyo,

O ṣeun o. O ṣe é, ó sì bàjẹ́.

A ti de ṣọ́ọ̀kì rẹ mọ́ ọn. Ó rẹwà, ó ń dán bíi ohun ọ̀ṣọ́. Karasawa yí kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbi tó dẹ̀ jù bó o ṣe wí. Mo gbé e yí ṣọ́ọ̀bù ká, mo ní ó dáa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìyá rẹ sí i. Ìgbà tí a dé ọ̀nà etí odò, níbi tí yìnyín ti fọ́ ọ̀dà títì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò gbò lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ó gbò, ó tún gbò, ó ń ta pọ́ún pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́ títí a fi dé afárá. Ìyá rẹ bì. Ó di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé. Ó ní, "Bàbá Kiyo, ẹ dá mi padà sílé." Obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbóhùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí ọ, ó sunkún lójú mi.

Mo já lọ bá Karasawa, díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ó dorí kodò. Ó ní kókó yẹn kì í sọ sìpírìngì tó le di èyí tó dẹ̀, sìpírìngì tí o ní kóun fi sí i ló ń ta á. Mo ní, "O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì panu mọ́?" Ó ní òun ò lè já ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ òun nù lójú bàbá rẹ̀. Ó wá ní òun rò pé èmi náà mọ̀. Gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ara wa, ìyá rẹ sì ń bì nínú ọkọ̀.

Ìwọ tó o ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ láti kékeré, o ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Àbí ṣe lò ń tọ́jú sìpírìngì líle de ara rẹ?

Tokuji


Vancouver
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ yín ìkẹyìn yẹn gún mi, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ara tu Ìyá, mo sì tún fẹ́ bá ọkọ̀ mi bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo ní ohun kan náà lè ṣe méjèèjì.

Ẹ gbọ́ ohun tí Karasawa máa ṣe. Kó yọ sìpírìngì líle yẹn dànù, kó fi èyí tó gùn, tó sì dẹ̀ sí i. Kó gbé ọkọ̀ náà sókè, kó má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ rárá, kó lè ní àyè tó máa rì sí tó bá ko kòtò. Tó bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ má yí kókó síbi tó dẹ̀ jù mọ́. Ẹ yí i le díẹ̀. Ẹ máa ní mo tún ti ya wèrè, ṣùgbọ́n sìpírìngì ló ń gbé èèyàn sókè, ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó. Tí ṣọ́ọ̀kì bá dẹ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́kun, ijó tẹ́ ẹ rí yẹn ló máa ń jó.

Kẹ́ ẹ tó gbé Ìyá sí i, ẹ gbé abọ́ ọbẹ̀ kan sórí àga wọn, kẹ́ ẹ wà á gba ọ̀nà etí odò. Tó bá dànù, ẹ dúró, ẹ yí kókó díẹ̀, kẹ́ ẹ tún lọ. Ìgbà tí ọbẹ̀ ò bá dànù mọ́, ẹ wá gbé Ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n wá, Bàbá. Mo ti ní irọ́ tí màá pa. Màá ní ọkọ̀ ni mo wá wò. Gbogbo Ina ló mọ̀ pé mo lè tìtorí ọkọ̀ wọ bàálù.

Kiyotaka


Ina
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Kiyo,

O kú ooru, bí ooru bá wà níbi tó o wà. Tiwa fẹ́ pani.

Karasawa ṣe é bó o ṣe wí, ojú ń tì í, kò jẹ́ kí n san owó iṣẹ́. Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ sórí àga, mo ń wa etí odò lọ, mò ń bọ̀, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn ará oko dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Suzawa àgbà ké pè mí látorí àkàbà rẹ̀: "Tokuji, ṣé ọbẹ̀ lò ń gbé lọ sílé ìwòsàn ni?" Mo ní ọbẹ̀ ni, kó gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá. Ó dànù, mo yí kókó, ó tún dànù. Lẹ́yìn náà, kò dànù mọ́.

Mo wá gbé ìyá rẹ. Ó wọlé, ó fa imú, ó ní, "Ta ló ń jẹun nínú ọkọ̀ ọmọ mi?" Mo gbéra. A kọjá etí odò, mo ń retí kó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Kò dì í mú. Mo bojú wò ó, ó ti sùn. Kiyo, ó sùn títí a fi wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mi ò jí i, mo jókòó tì í, mo ń sunkún bí ọmọdé. O káre, ọmọ mi. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ rí nípa ọ̀rọ̀ ọkọ̀. O káre.

Ní ti wíwá rẹ, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni. Ìyá rẹ mọ ojú rẹ ju bó o ṣe mọ̀ ọ́n lọ, irọ́ tó o bá fi ẹnu pa, ojú rẹ á tú u. Ó ń rẹ èso pọ́lọ́ọ̀mù sínú iyọ̀ báyìí kó má bàa bàjẹ́, ó ní ọdún tuntun lo máa jẹ ẹ́. Dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí ọdún tuntun, ṣùgbọ́n dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Jẹ́ kó fi ọkàn tó balẹ̀ jẹ ìwọ̀nba tó kù.

Tokuji


Vancouver
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò sọ fún yín. Mo ní ọdún Obon ni màá fi ṣe bojúbojú, ṣebí gbogbo ọmọ ló ń wálé wá kí àwọn òkú ilé wọn. Lánàá mo pe ilé láti sọ ọ́. Ìyá ló gbé e.

Wọ́n ní, "Kiyo, ìgbà wo lò ń bọ̀?" Ọ̀rọ̀ yín sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Mo ní, "Ọdún tuntun, Ìyá." Wọ́n wá ní, "Ó dáa náà. Má da ara rẹ láàmú." Wọ́n sọ fún mi pé bàbá mi ti di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì, pé nídìí oúnjẹ pàápàá, òun ni wọ́n ń sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ gan-an.

Mo ti dá tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, ọrùn yín ló wà o.

Kiyotaka


Vancouver
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ dákẹ́. Karasawa náà dákẹ́. Mo pe ilé, aago ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Bó bá jẹ́ ìkórè ápù ló dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kẹ́yìn ló bí yín nínú, ẹ bú mi. Ẹ ṣáà kọ nǹkan.

Ṣé wọ́n ṣì ń sùn nínú ọkọ̀?

Kiyotaka


Ina
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá

Kiyo, ọmọ mi,

O kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn tí wọ́n fi iná sun òkú ìyá rẹ tán bí àṣà wa, a jọ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣa eegun rẹ̀ sínú ìkòkò, ìwọ ní òdì kejì, èmi níbí, o ò wo ojú mi. Ìgbà tó kan eegun ẹ̀yìn, ó ti rún, kò ṣeé mú, o fi igi sílẹ̀, o jáde. Lọ́jọ́ kejì o padà sí Kánádà, o ò dágbére. Mi ò bá ọ wí. Lẹ́tà rẹ tó o fi ń bi mí bóyá ó ṣì ń sùn nínú ọkọ̀, lẹ́yìn tó o lọ tán ni Karasawa gbé e wá fún mi.

Ohun kan wà tí mi ò lè sọ lójú rẹ. Ẹnu mi ò gbà á. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo ń gbé e lọ bí mo ṣe máa ń gbé e lọ. Nígbà tá a kọjá etí odò, ó ní, "Bàbá Kiyo, ẹ dúró." Mo rò pé ó fẹ́ bì. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní, "Mò ń kú, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní eegun ló gbó. Ó ní, "Ẹ yé. Àga ọkọ̀ ẹrù yín ti ya láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ẹ fi okùn so ó, ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin kan náà lẹ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, ẹ tú u, ẹ tún ra sìpírìngì, ẹ ń gbé ọbẹ̀ kiri etí odò kí gbogbo ayé máa wò yín. Kí lẹ rò pé mo máa rò? Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ rọ̀ mí lára ni mo ti mọ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀. Mo rí bó ṣe ń rẹ̀ yín tó láti pa á mọ́, mi ò fẹ́ kó já sí asán." Mo ní, Kiyo ńkọ́, kí ló dé tí kò ní kí Kiyo wá. Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní, "Tí mo bá ní kó wá, ẹ máa mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó pè mí, mo bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, ó ní ọdún tuntun, mo ní bóyá òun náà ò fẹ́ kí n mọ̀. Mo ń retí kí ẹnì kan nínú yín sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti sú mi. Ẹ pè é fún mi. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ní kó máa bọ̀."

A dé ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e wọlé, mo sáré lọ sídìí tẹlifóònù. Aago ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. O ti lọ síbi iṣẹ́, àkókò tí èrò máa ń pọ̀ ni lọ́dọ̀ yín. Mo tún pè, mo tún pè, owó wẹ́wẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Mo lọ ṣẹ́ owó. Ìgbà tí mo padà dé, àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré. Mímí rẹ̀ ti yí padà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tó o gbé tẹlifóònù lálẹ́ yín, ìròyìn mìíràn ni mo ní fún ọ, mo gbàgbé iṣẹ́ tó rán mi. Irọ́ ni. Mi ò gbàgbé. Mi ò ní ẹnu tí màá fi jẹ́ ẹ ni, torí èmi ni mo dí ọ lọ́nà.

Ó wà lọ́rùn mi, bó o ṣe wí. Mi ò ní sọ fún ọ pé àṣà wa ni. Àṣà wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Mò ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ báyìí, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Mi ò fi ohunkóhun ṣe bojúbojú: kò sí ọdún nítòsí. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ. Kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Ìyá rẹ ní kó o máa bọ̀. Èmi náà ní kó o máa bọ̀.

Bàbá rẹ